Ẹ Yẹ Fóònù Yín Wò Lónìí: Nọ́ńbà Wa Wà Níbẹ̀

Ẹ̀yin ará Àkùngbá, ẹ̀yin ará Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, ẹ mú fóònù yín jáde. Ẹ má tíì ka ìyókù. Ẹ mú un jáde ná.

Ó ti wà lọ́wọ́? Ó dáa. Nọ́ńbà ìyá yín wà níbẹ̀, àbí? Ti onílé ńkọ́? Ti olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí yín ní yunifásítì? Ti ìyá tó ń ta gààrí lọ́jà Ìkàrẹ́, tí ẹ máa ń pè pé kó bá yín gbé ti yín pamọ́? Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní kí ẹ fi nọ́ńbà òun lé ilé-iṣẹ́ tí òun kò mọ̀ rí lọ́wọ́. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fi lé wọn lọ́wọ́. Ẹ kàn tẹ “Allow” lọ́jọ́ kan tí ẹ ń kánjú ni.

Ọ̀rọ̀ áàpù ọ̀fẹ́ ni mo bá wá, àti sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ṣé ó yẹ ká fọkàn tán àwọn tó ń ṣe wọ́n? Èsì mi kò gùn. Ẹ má fọkàn tán wọn torí pé wọn kò gba owó. Ẹ má sì sá fún wọn torí pé wọn kò gba owó. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ wádìí ibi tí oúnjẹ wọn ti ń wá. Ẹ wádìí bóyá ẹlòmíràn lè yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ẹ sì fi sọ́kàn pé ohun tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ yín, kì í ṣe tiyín nìkan.

Ibi tó ti dùn wá jù ni kí á ti bẹ̀rẹ̀: áàpù ayánilówó.

Láti 1999 tí yunifásítì ti kó wá láti Adó-Èkìtì ni Àkùngbá ti kún fún akẹ́kọ̀ọ́. Owó ilé á dé, owó ilé ìwé á dé, owó tí bàbá ní òun máa fi ránṣẹ́ kò ní tíì dé. Áàpù kan á wá sọ pé òun á yá yín lówó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ ò ní mú ohun ìní kankan wá. Ẹ ò ní mú onídùúró wá. Ẹ ṣáà ti dáńlóòdù rẹ̀, kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Kò sí onídùúró? Irọ́ ni. Onídùúró wà. Gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù yẹn ni onídùúró. Wọn kò kàn sọ fún wọn ni.

Ọjọ́ tí owó bá yẹ kó padà tí kò padà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ káàkiri. “Lágbájá jẹ wá ní gbèsè, ó ti sá lọ.” “Olè ni, ẹ bá wa mú un.” Àwọn mìíràn á lẹ fọ́tò oníbàárà mọ́ ìwé bíi ti ọ̀daràn tí ọlọ́pàá ń wá, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, sí àna rẹ̀, sí pásítọ̀ tàbí àlùfáà rẹ̀. Owó tí kò tó nǹkan lè ba orúkọ ènìyàn jẹ́ láàárín ọ̀sán kan.

Mi ò sọ àsọdùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ẹnìkan gbé ẹ̀sùn lọ bá NITDA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìmọ̀-ẹ̀rọ, nípa áàpù ayánilówó Sokoloan. Owó kò sí nínú àkáǹtì rẹ̀ nígbà tí gbèsè tó san, ni ilé-iṣẹ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀. Àwọn ènìyàn náà ní àwọn kò mọ nǹkan kan nípa owó tí oníbàárà náà yá. NITDA ṣe ìwádìí. Wọ́n tún rí i pé kóòdù tó ń ṣọ́ oníbàárà lẹ́sẹ̀ wà nínú áàpù náà, ó ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, láìsọ fún un. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA ní kí wọ́n san owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC, àwọn tó ń gbèjà oníbàárà, kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn lẹ́yìn, wọ́n wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà. Lẹ́yìn náà ni Google náà fi òfin dè wọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, áàpù ayánilówó tí kò ní ìwé FCCPC kò gbọ́dọ̀ sí lórí Play Store wa ní Nàìjíríà. Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, áàpù ayánilówó kankan kò gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà tàbí fọ́tò inú fóònù oníbàárà mọ́. Ìlànà tuntun tí FCCPC gbé jáde ní 2025 tún gbé ìtanràn lọ sókè dé ₦100 mílíọ̀nù, tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ilé-iṣẹ́ lọ́dún.

Ẹ ṣe é dáadáa, ìjọba. Mo kí yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́: òfin Play Store kò dé ibi tí Play Store kò dé. Áàpù tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tàbí èyí tí ẹ tẹ líǹkì rẹ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò fún yín. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbà á lọ́wọ́ òun, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló dé tí kò sí lórí Play Store?

Tí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ yá owó dandan, FCCPC ń tẹ orúkọ àwọn ayánilówó tó fọwọ́ sí jáde lórí ìkànnì rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀.

Ó yá, ẹ padà sórí fóònù. Tí Android ni, ẹ lọ sí Settings. Ẹ wá Privacy, tàbí Security and privacy. Ẹ tẹ Permission manager. Ẹ tẹ Contacts. Orúkọ áàpù á tò wálẹ̀.

Ẹ wò wọ́n. WhatsApp wà níbẹ̀, ó yé wa, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ni iṣẹ́ rẹ̀. Áàpù iná tọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Kí ni tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi nọ́ńbà ìyá yín ṣe? Èyí tí ẹ fi ń tún fọ́tò ṣe ńkọ́? Géèmù tí ọmọ àbúrò yín fi síbẹ̀ nígbà ọdún Kérésì? Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yí i sí “Don’t allow”. Tọ́ọ̀ṣì á ṣì tàn. Bó bá kọ̀ tí kò tàn mọ́, ẹ yọ ọ́ dànù. Tọ́ọ̀ṣì pọ̀.

Ẹ má tíì jáde o. Ẹ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ SMS. Èyí ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí inú SMS ni nọ́ńbà àṣírí tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ ń wọlé sí. Áàpù tó bá lè ka SMS lè kà á. Áàpù tí ẹ fi ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ gan-an ló ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá rí òmíràn, kó sọ ohun tó ń wá.

Ẹ máa rí ibi kan tí wọ́n pè ní “Data safety” lójú ewé áàpù kọ̀ọ̀kan lórí Play Store. Ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ara lé e. Ẹni tó ṣe áàpù náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wọn wá kù. Ẹni tó kọ áàpù san owó iná, ó san owó íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ní ìyàwó tàbí ọkọ nílé. Ibì kan ni owó ti ń wọlé fún un. Tí kò bá gba tiyín, ta ló ń san án?

Ẹ wo Avast. Ilé-iṣẹ́ yìí wá láti orílẹ̀-èdè Czech. Antivirus ọ̀fẹ́ rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Ààbò ló ní òun ń ṣe. Àjọ FTC, tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, rí i pé láti 2014 dé 2020, ó ń kó àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí àwọn ènìyàn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì jọ, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jumpshot sì ń tà á fún àwọn oníbàárà tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n ní kó san $16.5 mílíọ̀nù. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló ń ta ìròyìn inú ilé.

Àwọn ńlá náà ńkọ́? Ní oṣù keje ọdún 2024, FCCPC wa níbí ní kí Meta, tó ni WhatsApp àti Facebook, san $220 mílíọ̀nù. Ara ohun tí wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn án ni pé kò fún àwa ọmọ Nàìjíríà ní irú òmìnira tó fún àwọn ará Yúróòpù lórí ọ̀rọ̀ ara wọn. Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá FCCPC láre. Mi ò ní kí ẹ pa WhatsApp rẹ́ o. Ọjà wa wà lórí rẹ̀, ìpàdé ẹbí wà lórí rẹ̀, èmi náà ń lò ó. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹbí wa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo GBWhatsApp, ayédèrú WhatsApp yẹn, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí báyìí. Mo mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ lè ka ohun tí wọ́n ti pa rẹ́. Ẹ lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ ẹni láìjẹ́ kó mọ̀. Ó dùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe é? Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín tó lè dárúkọ rẹ̀. Nínú ẹbí rẹ̀ kan tó ń jẹ́ FMWhatsApp, ilé-iṣẹ́ Kaspersky, tó ń ṣe antivirus, rí kòkòrò Triada ní 2021. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé YoWhatsApp ń jí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń wọ àkáǹtì WhatsApp. Ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí. Ẹ lọ gba WhatsApp gidi. Àṣírí àwọn tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni ẹ fi ń ta tẹ́tẹ́, kì í ṣe tiyín nìkan.

Ẹ̀yin tó ní ibi ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, ẹ dákun. Ẹ yé fi Office tí wọ́n fọ́ sórí láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀yin náà ni ẹ máa ń sọ pé “pa antivirus yẹn ná, kó lè wọlé”. Kí ló ń wọlé, tí antivirus kò gbọ́dọ̀ rí? LibreOffice wà. Ọ̀fẹ́ ni, ó bófin mu, ó ń ṣí fáìlì Word. Ẹ fi síbẹ̀, kí ẹ gba owó iṣẹ́ yín. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má gba owó iṣẹ́.

Gbogbo ọ̀fẹ́ kọ́ ló jẹ́ ìkan náà, ẹ rí i. LibreOffice jẹ́ irú èyí tí wọ́n kó kóòdù rẹ̀ sí gbangba. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà lè ṣí i, kó kà á, kó sì pariwo tó bá rí nǹkan burúkú. Ilé-iṣẹ́ aláàánú kan ní Jámánì ló ń bójú tó o, ọrẹ ni wọ́n ń jẹ. VLC tí ẹ fi ń wo fíìmù náà nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Paris ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1996, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiyín. Jean-Baptiste Kempf tó ń darí rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n fi owó ńlá lọ òun kí òun lè ti ìpolówó ọjà bọ inú rẹ̀, òun sì kọ̀. Nílé níbí, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName ṣe irinṣẹ́ tí a lè fi tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé ó wá yẹ kí á di ojú fún àwọn bẹ́ẹ̀? Rárá. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí XZ.

XZ jẹ́ sọ́fítíwíà kékeré tó ń fún fáìlì pọ̀. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Ọkùnrin kan ní Finland, Lasse Collin, ló ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Ní 2021, ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Ní 2022, àwọn orúkọ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Collin lẹ́nu: ó lọ́ra jù, kó fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó ṣàlàyé fún wọn pé agbára òun ti dín kù, àti pé iṣẹ́ yìí, òun kì í gba owó lórí rẹ̀. Wọn kò gbọ́. Díẹ̀díẹ̀, ó fún Jia Tan láṣẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Jia Tan ti ilẹ̀kùn àṣírí kan bọ inú ẹ̀dà 5.6.0. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè wọ kọ̀ǹpútà onílé láìkànlẹ̀kùn.

Ta ló tú u fó? Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft kan, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tiẹ̀ kàn. Ó ń dán iṣẹ́ tirẹ̀ wò, ó rí i pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà fi bí ìlàjì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlàjì ìṣẹ́jú-àáyá! Ẹlòmíràn á ní kò burú. Òun kò gbà. Ó ṣí kóòdù, ó tọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì figbe ta ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, kó tó tàn dé ibi púpọ̀.

Ẹ wo nǹkan méjì níbẹ̀. Ìfọkàntán tí kò ní ìwádìí nínú ló jẹ́ kí Jia Tan wọlé. Gbangba tí kóòdù wà ló jẹ́ kí Freund lè mú un. Ká ní inú àpótí tí a tì pa ló wà, ta ni ì bá rí i? Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ fọkàn tán iṣẹ́ tó ṣeé yẹ̀ wò. Ìwà rere ẹni tí a kò mọ̀ kò ṣeé gbé ilé lé.

Collin kò dá wà nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ ló wà lọ́rùn ẹnìkan ṣoṣo tó ti rẹ̀. Nítorí náà, ẹ yé bú àwọn oníṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó mọ́ wọ̀nyí. Tí nǹkan kò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ ohun tí ẹ tẹ̀, ẹ sọ ohun tó jáde, ẹ fi àwòrán sí i. Tí owó díẹ̀ bá wà, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀yin tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ẹ mú ọ̀kan, ẹ ka kóòdù rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń kọ́ Yorùbá, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń túmọ̀ LibreOffice sí onírúurú èdè. Ẹ wọ inú wọn. Tiwa náà ń dúró dè yín.

Ẹ wá ràn àwọn tí ojú wọn kò tó o lọ́wọ́. Tí ẹ bá dé ọjà Ìkàrẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, tàbí tí ẹ bá lọ kí màmá nílé ní Ọ̀kà, ẹ gba fóònù wọn. Ẹ fi Permission manager hàn wọ́n. Ẹ má kàn gbà á kí ẹ ṣe é tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìka ara wọn tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin oní POS náà, ẹ yẹ fóònù tí ẹ fi ń ṣe ọjà wò. Owó oníbàárà ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa aráàlú. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ilé-iṣẹ́ kan pé kí ló ní lọ́wọ́ nípa yín. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó pa á rẹ́. Ẹ rántí pé yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kò pa ohun tó ti kó lọ rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, ẹ pa àkáǹtì yín rẹ́, kí ẹ tó yọ ọ́. Tí wọ́n bá kọ etí ikún, àjọ NDPC, tó ń mójú tó òfin yìí, ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wá dé bá yín lọ́la pé ẹnìkan tí ẹ mọ̀ jẹ gbèsè, pé olè ni, ẹ má fi sí gúrúùpù. Ẹ má fi bi í níwájú ènìyàn. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe wà lójú fóònù, nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́ àti aago tó wọlé kó hàn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ nìkan. Kí òun kọ orúkọ áàpù náà sílẹ̀, ọjọ́ tó yá owó, iye tó yá àti iye tó ti san, kó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú àwòrán yẹn, kó fi ránṣẹ́ sí FCCPC. Ẹ jókòó tì í títí tó fi máa parí rẹ̀. Ẹ̀yin náà, tí nọ́ńbà yín ti di onídùúró láìgbàṣẹ, ẹ kọ tiyín lọ́tọ̀.